Mustang Àlòkù: Ọdún, Ẹ́ńjìnnì àti Ọwọ́ Tó Lò Ó

Nínú àwọn ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn gùn, tí òrùlé wọn rẹlẹ̀, tí ìjókòó ẹ̀yìn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gba àgbàlagbà, tí ẹ́ńjìnnì iwájú sì ń yí táyà ẹ̀yìn, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ tó ti Mustang, tí ilé-iṣẹ́ Ford fi han aráyé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964 níbi Ìpàtẹ Àgbáyé tó wáyé ní ìlú New York. Lee Iacocca, ẹni tó ń darí ẹ̀ka Ford nígbà náà, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù, èròńgbà àwọn tó ṣe é sì ni pé kí ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ní ọkọ̀ tó jọ ti olówó. Kí iye rẹ̀ má bàa ga, wọ́n kọ́ ọ lé ìpìlẹ̀ Falcon, ọkọ̀ ẹbí lásán tí Ford ti ń tà tẹ́lẹ̀. Ìtàn yìí ṣì ní ìtumọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra Mustang àlòkù lónìí, nítorí pé ọkọ̀ gbáàtúù tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ eré ni Mustang ṣì jẹ́: ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú pọ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì tó ti àwọn ọkọ̀ asáré tó ń wá láti Jámánì. Ohun tí kò jẹ́ gbáàtúù níbẹ̀ ni ìwà àwọn tó ń wà á.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ olùrà máa ń kọ́kọ́ béèrè, pé ṣé Mustang ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Apá kan ìdáhùn náà wà nínú ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà àti irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tó lè bàjẹ́. Apá kejì wà lọ́wọ́ àwọn tó ti lò ó, èyí tó ń sọ ohun tó ti bàjẹ́ tàbí tó ti ń bàjẹ́ bọ̀. Àwọn olùrà a máa fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe ìwádìí lórí apá àkọ́kọ́, wọn a sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wo apá kejì, bẹ́ẹ̀ apá kejì yìí gan-an ló wúwo jù fún irú ọkọ̀ báyìí. Ẹni tó ń wa Toyota Camry kì í sábà dúró lójú kan kó máa jó táyà títí tí èéfín yóò fi bo àdúgbò, ṣùgbọ́n ẹni tó ra Mustang olóhùn ńlá lè ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà kó tó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kó sì gbé e sọ́jà.

Ìran Mustang tí owó rẹ̀ ti rọlẹ̀ jù nínú àwọn tí ìrísí wọn ṣì bóde mu ni èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2005 sí 2014, tí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ ń pè ní S197. Ní Flat Rock, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni wọ́n ti ń tò ó, ní ilé-iṣẹ́ tí Ford àti Mazda jọ ní nígbà tí ìran náà bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnnì, ìran yìí pín sí méjì, ọdún 2011 sì ni ààlà. Ṣáájú ààlà náà, ẹ́ńjìnnì kékeré jẹ́ V6 lítà 4.0 tó ní agbára ẹṣin 210, ẹ́ńjìnnì ńlá tó wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní GT sì jẹ́ V8 lítà 4.6 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára ẹṣin 300. Ìtumọ̀ V8 ni pé sílíńdà mẹ́jọ, ìyẹn àwọn ihò onírin tí epo ti ń jó tí písítìn sì ti ń lọ sókè sódò, ni wọ́n tò sí ìlà méjì tó ya ara wọn lókè tó sì pàdé nísàlẹ̀. Mẹ́fà ni ti V6.

Ẹ́ńjìnnì lítà 4.0 yìí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí Ford ti ìlú Cologne ní Jámánì ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, òun kan náà ló sì wà nínú Ford Explorer àti Ranger ọ̀pọ̀ ọdún. Irin rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀: àwọn ṣéènì tó ń mú kí fáàfù máa ṣí kí ó sì máa tì lásìkò ń fara ti àwọn ọ̀já oníke, àwọn oníke wọ̀nyí sì máa ń jẹ tàbí kí wọ́n fọ́ bí ọkọ̀ bá ti dàgbà. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ṣéènì náà wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọwọ́ mẹkáníìkì kò lè dé láìsọ ẹ́ńjìnnì tàbí jíà kalẹ̀, nítorí náà owó iṣẹ́ a máa pọ̀ ju owó ẹ̀yà ara lọ. Ìró bí ẹni ń mi ẹ̀wọ̀n nínú agolo, tí a bá gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tutù, ni àmì rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé oníke tí wọ́n fi bo tẹmositáàtì, ìyẹn fáàfù kékeré tó ń pinnu ìgbà tí omi yóò lọ sí radiétọ̀, máa ń sán, omi a sì máa jò díẹ̀díẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná kọjá ààlà. Àtúnṣe èyí kò wọ́n, àìkíyèsí rẹ̀ ló wọ́n.

V8 lítà 4.6 ní tirẹ̀ ní ẹjọ́ méjì. Ẹ̀kíní jẹ mọ́ púlọ́ọ̀gì, irin kékeré tó ń ta iná sí epo nínú sílíńdà. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, títí di nǹkan bí ọdún 2008, irin méjì tí wọ́n so pọ̀ ni púlọ́ọ̀gì tí Ford ń lò nínú ẹ́ńjìnnì yìí, èédú epo jíjó a sì máa lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ débi pé, bí mẹkáníìkì bá fẹ́ tú u, òkè a jáde, ìsàlẹ̀ a sì kù sínú ẹ́ńjìnnì. Ford fúnra rẹ̀ ní láti kọ ìtọ́ni ránṣẹ́ sí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa fi oògùn rin ín kí wọ́n tó rọra tú u. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí olùrà GT ọdún 2005 sí 2008 bi olùtà kì í ṣe bóyá púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dára, bí kò ṣe ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ àti rìsíìtì tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí rìsíìtì, kí ó yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Ẹ̀kejì ni pé ẹ̀rọ kan tó ń lo ìfúnpá ọ́ìlì láti yí àkókò ṣíṣí fáàfù padà wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá sì ti ń fi ọ́ìlì ṣeré, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kan kò-kò-kò bíi ti lọ́rì oní-dísù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò kì í sábà dé ibẹ̀.

Ní ọdún 2011 ni Ford pààrọ̀ méjèèjì. V6 tuntun jẹ́ lítà 3.7 pẹ̀lú agbára ẹṣin 305, ìyẹn ju ti V8 tí GT gbé wọlé ní 2005 lọ, nígbà tí V8 tuntun, lítà 5.0 tí wọ́n sọ ní Coyote, ní 412. Fún ẹni tó fẹ́ràn ìrísí Mustang tí kò sì bìkítà fún ariwo V8, kò sí ohun tó dára tó V6 ọdún 2011 sí 2014 lọ́jà àlòkù, nítorí pé àìsàn rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń rà á ní tuntun kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń bá ènìyàn du eré, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò sì ń tà á bí ẹni ń ta ọjà tí kò níyì. Coyote náà jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó lágbára tó sì ń pẹ́ bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣẹ́ písítìn tàbí tí jíà pọ́ǹpù ọ́ìlì wọn ń fọ́ sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ẹnìkan ti lọ ki agbára tí kì í ṣe tiwọn bọ̀.

Jíà ni ẹ̀dùn ìran 2011 sí 2014. Jíà ọlọ́wọ́ tí ń jẹ́ MT82 mú kí àwọn onímọ́tò ráhùn tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi ṣe ìwádìí lé e lórí ní ọdún 2011, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí náà kò yọrí sí ìpèpadà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kì í fẹ́ wọ ipò kejì tàbí ìkẹta, pàápàá nígbà òtútù tàbí bí awakọ̀ bá ń kánjú. Jíà aládàáṣe ipò mẹ́fà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2016 Ford pe àwọn kan lára Mustang ọdún 2012 padà nítorí pé jíà náà lè já wálẹ̀ sí ipò kìíní lójijì nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré, ohun tó lè mú kí táyà ẹ̀yìn há kí ọkọ̀ sì yí. Ìpèpadà, tí yóò tún jẹyọ níwájú, ni kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kéde pé nǹkan kan nínú rẹ̀ léwu, kí ó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni yòówù tí ọkọ̀ náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni kẹrin tó rà á.

Ìran tó tẹ̀ lé e, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, jẹ́ ọkọ̀ mìíràn pátápátá lábẹ́. Nínú ìran 2005 sí 2014, ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, bí ọ̀kan bá kó sí kòtò èkejì a mọ̀ ọ́n lára. Láti 2015, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè dá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń rìn bí ọkọ̀ òde-òní. Ọdún náà ni Ford kọ́kọ́ ṣe Mustang tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láti ilé-iṣẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Manchester lè rà á láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò gbé ìdarí rẹ̀ láti apá kan sí apá kejì. Àjọ Euro NCAP tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù fún un ní ìràwọ̀ méjì péré nínú márùn-ún ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Ford tún àwọn nǹkan kan ṣe, ó sì di mẹ́ta kí ọdún náà tó parí. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin lítà 2.3 tí wọ́n ń pè ní EcoBoost wọlé ní 2015 bákan náà, pẹ̀lú agbára ẹṣin 310 tó ń rí gbà láti ara tọ́bò, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí láti ti atẹ́gùn púpọ̀ sí i wọ sílíńdà. Ó ń fi epo pamọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ti gbó tètè ń pa tọ́bò, nítorí náà ìwé ìtọ́jú ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ní ọdún 2018, wọ́n pa V6 tì, wọ́n gbé agbára V8 dé 460, wọ́n sì mú jíà aládàáṣe ipò mẹ́wàá wọlé, èyí tí Ford àti General Motors jọ ṣe. Àwọn kan nínú rẹ̀ a máa fipá já ènìyàn bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ipò, olùrà sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà pẹ́ tó láti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn abánidíje Mustang kò nílò àlàyé gígùn. Chevrolet Camaro ọdún 2010 àti 2011 tó ní V6 lítà 3.6 ní ẹ̀sùn pé ṣéènì ẹ́ńjìnnì ń fà, V8 tó bá jíà aládàáṣe rìn sì ní ẹ̀rọ tó ń pa sílíńdà mẹ́rin láti fi epo pamọ́, ẹ̀rọ náà ló sì sábà ń bàjẹ́; èyí tó ní jíà ọlọ́wọ́ kò ní in. Dodge Challenger, tí wọ́n tò ní Brampton ní Kánádà títí di 2023, tóbi, ó rọrùn lára ju àwọn méjì yòókù lọ, ṣùgbọ́n kíkàn tó ń ti inú V8 HEMI lítà 5.7 wá kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú fo, nítorí ó lè jẹ́ àmì pé irin tó ń ti fáàfù ti ń jẹ.

Lẹ́yìn ọdún àti ẹ́ńjìnnì, ìwé ọkọ̀ ló kàn. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ṣáásì gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, ó sì máa ń hàn nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní apá awakọ̀. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún: 5 sí 9 jẹ́ ọdún 2005 sí 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé F fún 2015 àti J fún 2018, nítorí wọ́n fo lẹ́tà I kí ó má bàa jọ nọ́ńbà 1. Èyí tó wà ní ipò kẹjọ ń sọ ẹ́ńjìnnì, lẹ́tà F níbẹ̀ sì ni ti V8 lítà 5.0 láti ọdún 2011. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣerégèé láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àmì GT àti ti 5.0 kò wọ́n lọ́jà, àwọn kan sì ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ara V6 lásán.

Nọ́ńbà ṣáásì yìí kan náà ni olùrà yóò fi wo ìtàn ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ bíi Carfax ń kó ìròyìn ìjàǹbá, àtúnṣe àti ìpààrọ̀ ọwọ́ jọ, ìjọba àpapọ̀ sì ní àkójọ ìwé ọkọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NMVTIS, níbi tí àwọn ìpínlẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn tó ń tú ọkọ̀ ìjàǹbá ta ń kọ orúkọ ọkọ̀ sí. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá rí i pé owó àtúnṣe ọkọ̀ kan ti sún mọ́ iye ọkọ̀ náà, wọn a sanwó fún ẹni tó ni ín, wọn a sì gba ìwé tí wọ́n ń pè ní salvage lé e lórí. Bí ẹlòmíràn bá rà á ní gbàǹjo tó tún un ṣe, tó sì yege nínú àyẹ̀wò ìpínlẹ̀, ìwé náà a di rebuilt. Àmì wọ̀nyí ló yẹ kó máa tẹ̀ lé ọkọ̀ títí láé, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ kò dọ́gba, àwọn oníjìbìtì sì máa ń gbé ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn kí àmì náà lè parẹ́ lójú ìwé. Ìwé tó mọ́ tún lè jẹ́ ìwé ọkọ̀ tí ìjàǹbá rẹ̀ kò dé etí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé kò ní ẹni tó fẹ́ ròyìn fún. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì yẹ kí olùrà fi èyí sọ́kàn nígbà tí olùtà bá ń na ìròyìn ojú ewé méjì sí i bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Ọkọ̀ tí omi ti bò ni ó burú jù nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó kún ìlú Houston ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àti ìjì Ian ní Florida ní 2022, àwọn ọkọ̀ tó mumi rẹpẹtẹ wọ ọjà gbàǹjo, wọ́n sì tàn káàkiri. Wáyà tó bá ti mumi kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó lè tó ọdún kan kí ìpẹta tó jẹ ẹ́ já. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ní ti Mustang ni pé àwọn ti ọdún 2005 sí bíi 2009 lè mumi láìsí ìkún omi rárá: ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà sàn nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú a máa dí tàbí kí ohun tí wọ́n fi lẹ ojú irin ibẹ̀ pọ̀ là, omi a sì máa kán sí abẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú, níbi tí àpótí tó ń pín iná kiri inú ọkọ̀ wà. Nítorí náà, kí olùrà ká kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sókè, kí ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ibẹ̀ nìkan bá tutù, ó lè jẹ́ àìsàn ìran. Bí iyanrìn bá wà lábẹ́ ìjókòó tí ìpẹta sì wà lára àwọn ìdè ìjókòó, ìkún omi ni.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni àyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀. Bí olùrà bá dé, kí ó tó kí olùtà tán, kí ó ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí gbogbo ìró tí a ti mẹ́nu bà, yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ fáàfù V8 lítà 4.6, ni ẹ́ńjìnnì gbígbóná ń bò mọ́lẹ̀, olùtà tó ti ṣáná sí ọkọ̀ kí àlejò tó dé sì lè ní ìdí tirẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí kan náà jẹ́ alumíníọ̀mù nínú ìran 2005 sí 2014, ọ̀dà etí iwájú rẹ̀ a sì máa wú bí ìléròrò. Àbùkù ojú lásán ni, kò ba ìrìn jẹ́, ṣùgbọ́n ó dára fún nínájà.

Lẹ́yìn náà ni kí ó lọ sí ẹ̀yìn. Táyà ẹ̀yìn ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ lára irú ọkọ̀ yìí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bí àpẹẹrẹ 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ti iwájú bá ti pé ọdún mẹ́fà tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ ti oṣù tó kọjá, ó yẹ kí a béèrè ohun tó jẹ ti ẹ̀yìn tán. Kí ó tún fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò táyà ẹ̀yìn àti abẹ́ bọ́ńpà, nítorí rọ́bà tó yọ́ nígbà tí wọ́n ń jó táyà a máa fọ́n sí ibẹ̀ tí yóò sì gan, kì í ṣe gbogbo olùtà ló sì ń rántí láti ha á kúrò. Àwọn fídíò Mustang tó ń kúrò níbi ìpàtẹ ọkọ̀ tó sì ń yà bàrá lọ kọlu òpó iná ti di àwàdà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ inú fídíò wọ̀nyẹn kò pòórá, wọ́n ti tún wọn ṣe, wọ́n sì ti wà lọ́jà. Ìdè tí ọ̀dà orí rẹ̀ ti bó níbi tí wọ́n ti fi sípánà tú u, àlàfo tí kò dọ́gba láàárín ìlẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, iná iwájú kan tó mọ́ ju èkejì lọ, ni àmì pé panẹ́lì bítà ti kọjá níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà yóò jẹ́rìí bí a bá bi í. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà ti ní ojúhò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n lè fi ka àṣìṣe tí ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àìsí àṣìṣe kò túmọ̀ sí àlàáfíà. Ọkọ̀ a máa dán àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rìn, ẹ̀rọ náà a sì máa fi hàn èyí tó ti parí ìdánwò àti èyí tí kò tíì parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí lára ọkọ̀ tí olùtà ní òun ń gbé lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́, a jẹ́ pé ẹnìkan ti pa ìrántí kọ̀ǹpútà náà rẹ́ láìpẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tí ń pa ohun tí kò dùn ún rẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yí ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà láti fi agbára kún un ti wọlé. Sàlẹ́ńsà tí wọ́n pààrọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára ju aládùúgbò lọ. Àmọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n yí padà ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní etí ọ̀gbun, mẹkáníìkì tó ń ṣàyẹ̀wò kò sì ní rí i pẹ̀lú ojú. Ọkọ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn ló yẹ kí olùrà tó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ máa wá, kódà bí olùtà bá ń yangàn pé òun ti ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sí tirẹ̀, nítorí owó tí wọ́n ná sí eré kì í ṣe owó tí wọ́n ná sí ìtọ́jú.

Ní ti máìlì, àṣìṣe ni láti fi òun nìkan yan ọkọ̀. Mustang tó ti rin 110,000 máìlì lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo tó kó gbogbo rìsíìtì ọ́ìlì rẹ̀ sínú fáìlì sàn ju èyí tó rin 40,000 lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mú un lò ju ọdún méjì lọ. Bí ó bá jẹ́ jíà ọlọ́wọ́, kí olùrà fi sí ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ, kí ó sì tẹ iná mọ́ ọn: bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti tán. Kí ó sì sanwó fún mẹkáníìkì tí kò bá olùtà tan láti gbé ọkọ̀ náà sókè wo abẹ́ rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù lẹ ìwé mọ́ fèrèsé ọkọ̀ tí yóò sọ bóyá ìdánilójú wà lórí rẹ̀ tàbí bó ṣe rí ni wọ́n ń tà á. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ as is bá ti wà níbẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá jáde ní ọgbà di ti olùrà. Olùtà aládàáni kò sí lábẹ́ òfin ìwé fèrèsé yìí rárá.

Àwọn Mustang wọ̀nyí kì í dúró sí Amẹ́ríkà nìkan. Láti gbàǹjo Texas àti Georgia ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjú sí Èkó tàbí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń di tòkunbọ̀, ọ̀nà Nàìjíríà tó ti di ti apá ọ̀tún láti ọdún 1972 sì bá ìdarí ọwọ́ òsì wọn mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀kan wálé yóò rí i pé òṣùwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé yí padà díẹ̀. V6 lítà 4.0 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fojú tín-ín-rín ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú àwọn Explorer tó ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́, nítorí náà ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn láti rí ní ọjà Ládipọ̀ ju ti EcoBoost lọ, tí tọ́bò rẹ̀ kò sì fẹ́ràn epo tí kò mọ́. Ara rẹ̀ tó rẹlẹ̀ kò bá àwọn òkè tó ń dín eré kù lójú pópó Èkó rẹ́, èyí kò sì ní oògùn.

Ohun kan wà tí kò ṣeé sún síwájú. Àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe wà nínú Mustang ọdún 2005 sí 2014, ìyẹn àpò tó máa ń wú lójijì láti gba awakọ̀ àti èrò nígbà ìjàǹbá. Èròjà tó ń fún un ní agbára láti wú ni ammonium nitrate, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń bà á jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, débi pé nígbà tó bá yẹ kí ó wú, ó lè bú gbàmù kí ó sì fọ́n àjákù irin sí ojú àti ọrùn ẹni tó yẹ kó gbà là. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin bíi Florida ni NHTSA sì fi ṣáájú nínú ìpààrọ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń yára bàjẹ́ jù. Ojú ọjọ́ Èkó kò rọ̀ ju ti Florida lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ nọ́ńbà ṣáásì sí ojú ewé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò rí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àpò náà tàbí wọn kò tíì ṣe é, bí wọn kò bá sì tíì ṣe é, oníṣòwò Ford èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà yóò ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti wọ kọ̀ǹténà ni àǹfààní yẹn ń di ohun àwátì, nítorí náà kí ìbátan tó ń bá ènìyàn rà á ní Houston tàbí Atlanta kọ́kọ́ gbé e gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò náà kọjá kí ó tó wà á lọ sí èbúté.